Obìnrin Alákẹtẹ̀ Inú Ìwé Àkàrà

Àlàmísì, 1 Fẹ́búárì 1968. Òṣogbo.

Bàbá Fàtí ní kí n máa kọ gbogbo nǹkan tí ọmọ bá ń ṣe sínú ìwé yìí, pé tí òun bá ti ojú ogun dé, òun á kà á. Ó ní ìwé mẹ́rin tí mo kà tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Fàtímọ̀ hu eyín kan. Ìsàlẹ̀ ni. Ó fi gé mi jẹ lọ́mú, mo pariwo, Àwòdì ní ṣé èmi nìkan ni mo bímọ rí ni.

Àwòdì ni ìyá ọkọ mi. Mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀ o. Màmá ni mò ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀. Àmọ́ ojú ẹ̀! Ó lè wà lẹ́yìnkùlé kó mọ̀ pé mo jẹ nínú àkàrà tí mò ń tà níwájú ilé.

Gògòrò fún mi níwèé tí màá máa fi di àkàrà. Ó pọ̀. Ìwé oníwòrán ilẹ̀ wọn, ó ń dán. Ewé ti wọ́n, ẹ̀rùn ni. Gògòrò ni òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń gbé ilé kejì sí wa. Ìjọba wọn ló rán an wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Orí ẹ̀ máa ń kan àtẹ́rígbà. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ pé kó máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, ló bá ń sọ "ẹ" fún gbogbo nǹkan tó bá ń mí. Láàárọ̀ yìí ó sọ fún ewúrẹ́ Lábíkẹ́ ará ilé wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lẹ́nu ọ̀nà." Mo rẹ́rìn-ín títí.

Sátidé, 3 Fẹ́búárì.

Mò ń ya ìwé láti fi di àkàrà, mo bá rí obìnrin kan. Ó dúró nínú àkùrọ̀, omi dé orúnkún ẹ̀, ó dé àkẹtẹ̀ ṣóńṣó. Ó pọn ọmọ. Ó pọn ọmọ! Ọ̀já tòótọ́ ni. Èmi rò pé àwa nìkan la máa ń pọnmọ. Kì í ṣe dúdú, kì í ṣe òyìnbó. Ìrẹsì ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mo mọ ìrẹsì, ìyá mi ń gbìn ín lákùrọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń ká aṣọ sókè. Ilé koríko kan ń jó lẹ́yìn ẹ̀. Sójà kan wà lápá kan, mi ò wo ìyẹn. Obìnrin yẹn ni mò ń wò. Ó la ẹnu díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bèèrè nǹkan.

Bàbá Mùyídéènì ní, "Ìyàwó, àbí ìwé lò ń tà báyìí?" Àbúrò bàbá ọkọ mi ni wọ́n, àwọn ni olórí ilé. Mo fi ìwé míì di tiwọn. Èyí, mo ká a sábẹ́ ẹní.

Àtìní, 5 Fẹ́búárì.

Àkàrà tà. Fàtí jẹ èkọ díẹ̀.

Àlàmísì, 8 Fẹ́búárì.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ò sọ nǹkan míì lọ́sẹ̀ yìí, àfi Fiẹtináàmù, Fiẹtináàmù. Wọ́n ní àwọn ajàjàgbara wọ ọ̀pọ̀ ìlú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ ọdún wọn. Mo mú fọ́tò yẹn lọ bá Gògòrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, mo ní ṣé ibẹ̀ nìyí. Ó wò ó, ó pẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni.

Ó ṣàlàyé fún mi, Yorùbá ẹ̀ ń tàsé, èmi ń tò ó. Faransé ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ wọn, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba tiwa. Wọ́n bá Faransé jà títí wọ́n fi lé e. Wọ́n wá pín ilẹ̀ sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Àwọn tòkè ní kí gbogbo ẹ̀ padà di ọ̀kan, Amẹ́ríkà ní ó tì o, ó kó sójà wá gbè sẹ́yìn ìsàlẹ̀. Wọ́n ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí bí eṣú.

Mo ní, "Kí wá ni ẹ̀yin lọ wá nílé onílé?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun bi bàbá wọn ní ìbéèrè yẹn nídìí oúnjẹ, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo ní obìnrin yìí ńkọ́, ará òkè ni àbí ará ìsàlẹ̀? Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní bóyá obìnrin náà gan-an ò bèèrè.

Lábíkẹ́ ń kọjá lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹ̀ lójú ẹ̀, Ìyá Táòfíkì ni mò ń pè é. Ó ní, "Òṣómàáló! Òyìnbó náà jẹ ọ́ lówó ni, tó o lóṣòó tì í?" Torí pé Ìjẹ̀ṣà ni mí. Kì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Àtàláátà, 13 Fẹ́búárì.

Àwòdì ní òun ò fẹ́ kí ìyàwó sójà máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin. Mo ní ẹ má bínú, Màmá.

Sátidé, 24 Fẹ́búárì.

A ti Iléṣà dé. Ọmọ mi wà láàyè. Kí n kọ ìyẹn ná.

Àtàláátà ló ṣẹlẹ̀. Àwòdì lọ sọ́jà. Ara Fàtí ti ń gbóná látàárọ̀. Nígbà tí wọ́n kírun àìlá tán, ojú ẹ̀ yí, ó gan, ìfófó ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Gìrì. Lábíkẹ́ pariwo pé kí n gbé e wá, ó sáré lọ koná lẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé yìí nìyẹn, ẹsẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń fi síná kí ẹ̀mí lè padà. Wọ́n ṣe é fún Táòfíkì ọmọ ẹ̀. Ó yè lóòótọ́. Àmọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ti ká, ó ń tiro.

Mo wo ẹsẹ̀ Fàtí. Ó kéré.

Mi ò mọ ìgbà tí mo sá. Mo gba iwájú ilé jáde, mo já wọ yàrá Gògòrò. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Ó ń sùn, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà nídìí ẹ̀. Mo gbé ọmọ lé e láyà. Ẹ gbà mí, ẹ gbà mí. Èdè ilé wa ni mo fi ń ké, mo ti gbàgbé èdè Òṣogbo. Ó ní, "Iléṣà." Ó ní ọsibítù kan wà níbẹ̀ tó mọ̀ nípa ọmọdé. Ó gbé alùpùpù ẹ̀ síta. Mo gùn ún, ọmọ wà láàárín wa, mo di ẹ̀yìn ẹ̀ mú. Gèlè mi fò lọ kí a tó jáde nílùú. Gbogbo ayé ló rí orí mi.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi omi tútù nù ún. Nọ́ọ̀sì ní ibà ló gùn ún dórí. Kó tó di àṣálẹ́ ó ti sunkún, ó ń wá ọmú.

Àlàmísì, Gògòrò kúrò nílé ìwé, ó gbé búrẹ́dì wá fún mi. A jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú wọ́ọ̀dù. Mo ní ẹ ṣé, ẹ̀rù ò bà yín lójú ọ̀nà? Ó ní ojoojúmọ́ lẹ̀rù ń ba òun. Ó ní wọ́n ti ń mú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ òun nílé, tipátipá, wọ́n ń kó wọn lọ sí Fiẹtináàmù. Torí pé òun ń ṣe tíṣà níbí ni wọn ò ṣe tíì mú òun. Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ òun, ibẹ̀ náà ni.

Mo ní, "Ibi obìnrin yẹn?"

Ó ní, "Ibẹ̀." Ó ní òun ò fẹ́ di sójà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ nínú fọ́tò yẹn.

Àìkú, 25 Fẹ́búárì.

Kò sẹ́ni tó kí mi káàbọ̀. Lábíkẹ́ nìkan. Ó ní, "Ìyàwó òyìnbó ti dé! Ìdí ò dùn yín lórí alùpùpù?" Àwòdì gba Fàtí, ó wo ojú ẹ̀, ó fọwọ́ kan orí ẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n.

Àtàláátà, 27 Fẹ́búárì.

Wọ́n pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì. Bàbá Mùyídéènì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àwòdì. Lábíkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wà tó ti mọ́. Àwòdì gbé abọ́ omi Ọ̀ṣun tí wọ́n fi ń búra kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀súbà Bàbá. Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì.

Bàbá ní, "Ìyàwó, ọkùnrin yẹn bá ọ sùn àbí kò bá ọ sùn?"

Mo ní kò bá mi sùn.

"Mu ún."

Mo mu ún. Omi yẹn tutù. Ọkàn mi balẹ̀, mo tiẹ̀ gbójú sókè. Èjìká Àwòdì wálẹ̀ díẹ̀.

Bàbá ní ó dáa. Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe wá jẹ́? Ìwọ lo wọlé tọ̀ ọ́, àbí òun ló wá bá ọ?" Wọ́n ní Lábíkẹ́ wà nídìí iná, kò rí i.

Àwòdì ní, "Kó rò ó dáadáa kó tó dáhùn o. Obìnrin tó bá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ yàrá ọkùnrin, tí ọkọ ẹ̀ wà níwájú ìbọn, òun ló yin ìbọn yẹn. Irú ẹ̀ ò gbélé mi. Á padà sí Ìmẹ̀sí. Ọmọ ò sì níí bá a lọ, ọmọ ọmọ mi ni."

Fàtí wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ń nawọ́ sí mi.

Mo ní, "Òun ló wá. Ó gbọ́ igbe mi, ó já wọlé, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n gun alùpùpù. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi gùn ún."

Ó jáde geere. Bí ẹni pé mo ti ń kọ́ ọ sórí tẹ́lẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò ní kí n mu omi sí ìyẹn. Ó ṣì kù ní ìsàlẹ̀ abọ́. Mò ń wò ó, mò ń dúró kí wọ́n ní kí n mu ún. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwòdì dà á sídìí igi.

Bàbá dìde. Wọ́n ní, "Kí ló wá wá nílé onílé?"

Ọ̀rọ̀ tèmi yẹn ni. Ọ̀rọ̀ tí mo bi í lọ́jọ́sí.

Àlàrùbá, 28 Fẹ́búárì.

Mi ò lè wo ilé kejì. Bàbá Fàtí máa ka ìwé yìí. Màá ya ojú ewé yìí kó tó dé.

Sátidé, 2 Máàṣì.

Wọ́n ti ìrun Jímọ̀ gba ilé ìwé lọ fẹjọ́ Gògòrò sùn lánàá, àwọn àgbà mẹ́ta. Wọ́n ní ọ̀gá ilé ìwé náà ki orí bọlẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ aya sójà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nígbà ogun. Òun máa wádìí ẹ̀.

Gògòrò wá ra àkàrà láàárọ̀ yìí, bó ṣe máa ń rà á. Ó ní, "Fàtí ńkọ́?" Inú epo ni mò ń wò. Mo ní dáadáa ló wà. Àkàrà jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo mọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Èmi nìkan ló sọ fún. Àwọn tó kù nínú ilé yìí, wọn ò mọ̀, wọ́n rò pé ilé ẹ̀ ló máa lọ jókòó sí. Èmi mọ̀.

Àlàrùbá, 6 Máàṣì.

Tíṣà Silas wá, ọmọ Òṣú, ilé ìwé kan náà ni òun àti Gògòrò. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ ra àkàrà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mi, ó rọ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, wọ́n bi í, kò fèsì. Ó ní ohunkóhun tí ìyá ọmọ bá sọ, kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà á. Mo mọ ọmọkùnrin yẹn, ó máa ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọ yàrá ara ẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ló já wọlé yín?"

Àwòdì ń gbálẹ̀ lẹ́yìn mi, ibi tí mo ti gbá. Fàtí wà lẹ́yìn ẹ̀. Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ yẹn. Ó dúró.

Mo ní, "Bí mo ṣe sọ ọ́ ló rí."

Ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ padà.

Silas na ẹ̀yìn. Ó ní, "Ìjẹ̀ṣà bíi tèmi. O ṣeun." Kò ra àkàrà.

Gògòrò ò fèsì. Ó lè sọ pé èmi ni mo wọ yàrá òun. Ó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún mi. Kò sọ ọ́.

Àìkú, 10 Máàṣì. Iléyá.

A pín ẹran. Gbogbo ilé tó yí wa ká ló kàn, títí dórí ẹlẹ́po kẹrosíìnì tó bá Bàbá jà lọ́dún tó kọjá. Nígbà Ìtúnu, Àwòdì fúnra ẹ̀ ló gbé oúnjẹ lọ fún Gògòrò, tó ní kó jẹ kó lè sanra, pé ó rí bí ọ̀pá àgbàdo. Lónìí, àwo wa fo ilé ẹ̀ kọjá.

Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tuntun. Ó jókòó síwájú ilé ẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ẹ kú ọdún. Ẹ kú ọdún. Ó pẹ́ kó tó wọlé.

Mi ò lè jẹ ẹran tèmi. Mo gbé e fún Táòfíkì.

Jímọ̀, 15 Máàṣì.

Lábíkẹ́ ti dá orin. Ìdí kànga ni wọ́n ti ń kọ ọ́, ó ti dé òpópónà.

Gògòrò wọlé onílé,
Ó gbé aya ológun sá lọ;
Gògòrò, júwe ilé yín fún wa,
Ká wá gbé tiyín náà o.

Gògòrò ń jáde nílé ẹ̀ lọ pọnmi nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá màá gbè é. Mo gbè é. Mo pàtẹ́wọ́ sí i.

Ó kí wa. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Àtàláátà, 19 Máàṣì.

Gògòrò lọ lónìí, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Silas ló bá a gbé àpótí. Kó tó wọ ọkọ̀, ó wá sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Àwòdì, gbọọrọ, ó kún ọ̀nà, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ àṣà."

Ó mọ àṣà. Ó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Àwòdì ní, "Dìde. Ọlọ́run á mú ọ délé." Mo rí i pé ó ń wo Fàtí, ó ń wò mí. Ojú yẹn. Bóyá ó ti mọ̀. Bóyá látọjọ́ tó da omi yẹn nù ló ti mọ̀, tó sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, torí kí ọmọ ọmọ ẹ̀ má baà pàdánù ọmú.

Gògòrò gbé ìwé oníwòrán tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada mi. Ó ní, "Ti àkàrà." Ó fìka kan ẹsẹ̀ Fàtí. Ó lọ.

Mo fẹ́ pè é. Mo la ẹnu. Bí obìnrin inú fọ́tò yẹn ni mo ṣe la ẹnu, nǹkan kan ò jáde.

Jímọ̀, 22 Máàṣì.

Fàtí di àpótí mú, ó dìde dúró. Ẹsẹ̀ méjèèjì ń dán. Kò sí àpá iná níbẹ̀.

Àlàmísì, 4 Éépírì.

Wọ́n gbé ìyàwó tuntun wá ságboolé. Lábíkẹ́ sọ fún un níṣojú mi pé, "Ìyá Fàtí yìí, èèyàn gidi ni. Òyìnbó fẹ́ gbé e, kò gbà." Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi. Mo gba ìkúnlẹ̀ yẹn.

Àwòdì ń gbàdúrà fún Bàbá Fàtí ní gbogbo àárọ̀. Èmi náà ń ṣe àmín. Ó wà nínú oko ẹlòmíì pẹ̀lú ìbọn, òun náà. Mi ò ro ìyẹn rí. Ta ló ń wò ó látẹnu ọ̀nà?

Jímọ̀, 31 Mée.

Òjò. Àkàrà ò tà. Silas ń kọjá, mo sáré tẹ̀ lé e nínú òjò, mi ò wo ẹ̀yìn. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ nípa ẹ̀?

Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa lọ. Ó wá dúró. Ó ní wọ́n ti mú un. Ó ní wọ́n ti fá irun ẹ̀, wọ́n ti ń kọ́ ọ níbọn. Kó tó di ìparí ọdún ó máa ti débẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni mo wọ yàrá ẹ̀. Kò wọlé wa."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo ní ká lọ sọ fún ọ̀gá ilé ìwé. Lónìí. Màá lọ. Wọ́n lè lé mi, kí wọ́n lé mi.

Ó wo ọmọ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Àbúrò, o ti pẹ́. Ta ló fẹ́ gba sójà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní Òṣogbo níbí? Máa lọlé, òjò ń pa ọmọ."

Mo délé. Mo fa fọ́tò yọ lábẹ́ ẹní. Láti oṣù kejì ni mo ti ń wo obìnrin yẹn, mò ń káàánú ẹ̀. Lónìí mo wo sójà ẹ̀yìn ẹ̀. Akoto bo ojú ẹ̀, èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó ga. Ó ga ju ilé tó ń jó yẹn lọ. Ó káwọ́ mọ́ ìbọn bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan lé lọ́wọ́ tí ò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Mi ò ní ya ojú ewé kankan nínú ìwé yìí mọ́. Kí Bàbá Fàtí kà á.

Ìyá ọmọ, mi ò mọ orúkọ ẹ. Sójà kan ń bọ̀ lákùrọ̀ ẹ. Ó gùn, ó máa ń kan ilẹ̀kùn, ó máa ń sọ "ẹ" fún ewúrẹ́. Kì í ṣe òun ló fẹ́ wá. Èmi ni mo rán an sí ọ.

Ọmọ tèmi ń sùn lẹ́yìn mi. Ara ẹ̀ tutù.